Òkè Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Kò Lè Sáré Gùn

Ìyàwó mi ti kú ní ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ báyìí. Láti ìgbà náà, mi ò tíì kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìwé pélébé tí a pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ọmọ ló kọ ọ́. Èmi kàn tún un kà ni, mo sì dá a padà fún wọn. Ìṣirò ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, ní Òmù-Àrán níbí àti ní àwọn ìlú tó yí wa ká, mo sì ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu oníṣirò. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, kì í ṣe nípa bí ó ṣe kú. Ó jẹ́ nípa ìtàn kan tó máa ń sọ, tí èmi máa ń pè ní irọ́ níṣojú rẹ̀, fún bí ogójì ọdún.

Ọmọ onígẹdú ni, láti Òkè-Onígbìn. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe irú onígẹdú ńlá tó ní lọ́rì. Ayùn ọlọ́wọ́ méjì kan ló ní, èyí tí ẹnì kan máa ń dúró lórí igi láti fà sókè, tí ẹnì kejì máa ń dúró nínú kòtò láti fà sísàlẹ̀, tí ìyẹ̀fun igi á sì máa dà sí ẹni ìsàlẹ̀ lójú. Tí ó bá ti la igi apá tàbí arère sí pákó tó pọ̀ tó, yóò kó o lọ sí Òfà, yóò sì bá pákó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọjà ti yá jù. Nígbà ìsinmi gígùn kan, tí ìyàwó mi tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá rẹ̀ mú òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dání.

Ọkọ̀ eléèédú ni, irú èyí tí ń tú èéfín, tí wọ́n ń dáná sí nínú. Ó ní nígbà tí wọ́n kúrò ní Òfà, tí wọ́n ń sún mọ́ Ìkìrun, wọ́n dé òkè kan tí ọkọ̀ náà kò lè sáré gùn. Ó ń mí bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Òun náà sọ̀kalẹ̀. Igi ìyeyè kan wà nítòsí ojú irin. Ó ṣa ìyeyè kún iwájú ẹ̀wù rẹ̀, ó rìn títí ó fi bá ọkọ̀, wọ́n sì fà á wọlé padà.

Gbogbo ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iwin níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mo lè fi ṣeré.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún mi, a kò tíì pé ọdún kan tí a ṣe ìgbéyàwó. Mo mú bébà, mo ya òkè sí i, mo kọ ìwọ̀n eré ọkọ̀ ojú irin sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sì fi hàn án pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó wo bébà náà. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́,” ó sì lọ da omi sí iṣu lórí iná. Èmi rò pé mo ti borí.

Mo ní ẹ̀rí kan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí mo ń lọ kàwé, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òfà lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kan náà ni. Mi ò rí òkè kankan tí ọkọ̀ náà kò lè sáré gùn. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé, ọkọ̀ tèmi kò lo èédú mọ́, epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Àti pé mo ti sùn kí a tó kúrò ní Òfà dáadáa, Ìbàdàn ni wọ́n ti jí mi.

Tí àlejò bá wà nílé wa, pàápàá nígbà Kérésìmesì tí àwọn ará wa láti Èkó bá wálé, èmi ni mo máa ń pè é síta. “Ẹ wá gbọ́ ìtàn ọkọ̀ ojú irin alábahun.” Òun á sọ ọ́, èmi á máa já a lẹ́nu. Tó bá dé ibi tí àwọn èrò ti sọ̀kalẹ̀, màá ní, “Ẹ kà á, ẹ kà á, ọkọ̀ ojú irin tí ọmọdé bá fẹsẹ̀ rìn bá, ilé ni, kì í ṣe ọkọ̀.” Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Kíláàsì kìíní ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó mọ bí a ti ń fara da ariwo.

Kérésìmesì kan wá wà, tí pálọ̀ wa kún. Mo pè é. Ó yọjú láti ilé ìdáná, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ọwọ́.

“Ìyàwó, wá sọ ti ìyeyè.”

“Mo ti gbàgbé,” ló wí.

“O ti gbàgbé kẹ̀? Ìtàn tó ti mọ́ ẹ lẹ́nu bí Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run!”

“Mo ti gbàgbé, Bàbá ilé. Ẹ bá mi sọ ọ́.” Ó padà wọlé.

Wọ́n rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kan sọ pé tíṣà ti fi ìṣirò pa irọ́ run. Inú mi dùn. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, kò sọ ìtàn náà létí mi mọ́, èmi kò sì mọ̀ pé ó ti dáwọ́ dúró. Ó ṣòro láti ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè gbé pẹ̀lú ẹnì kan kí ó má mọ̀ pé ohùn kan ti dákẹ́.

Ìgbà tí ó kú tán ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ irú àwọn ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé wa ní Òmù-Àrán kò tóbi, ṣùgbọ́n yàrá mẹ́rin pọ̀ fún ẹnì kan. Mo ń gé iṣu fún ẹni méjì. Tí mo bá ka ohun kan nínú ìwé ìròyìn, màá gbé ojú sókè láti sọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rá tí ó máa ń fi pa mí lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ mi kò dé, ó kù sínú ike. Ẹ̀yìn mi funfun bí ti ẹni tó rìn nínú erùpẹ̀. Àwọn ará ìjọ ń wá, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àdúrà kì í jókòó ti ènìyàn títí di ọ̀sán.

Ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ní kí n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Mo lọ. Ilé rẹ̀ móoru, ó mọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lójú ọjọ́, nítorí òun àti ọkọ rẹ̀ a máa lọ síbi iṣẹ́, ọmọ wọn a sì lọ sí ilé-ìwé. Mo wà ní ojú fèrèsé. Mo mọ gbogbo ajá àdúgbò náà.

Bóyá ó rí i lójú mi. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí n wọ ẹ̀wù òtútù, ó fẹ́ mú mi lọ gun ọkọ̀ ojú irin.

“Lọ síbo?”

“Kò lọ sí ibì kankan, Dádì. Á gun òkè, á sì padà wá sí ibi tó ti gbéra. Ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n tún ṣe, eléèédú. Àwọn agégi ló ni ín nígbà kan. Mọ́mì ì bá fẹ́ràn rẹ̀.”

Mo ní, “Ó dáa.” Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé mo ń lọ sí ibi tí a ó ti dá ẹjọ́ èmi àti ìyá rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá sáré gun òkè, èmi ni mo jàre, irọ́ ni ìyàwó mi pa, mo sì lè fi orí lé ìrọ̀rí. Bí kò bá sáré, nǹkan mìíràn ni mo ti fi ogójì ọdún ṣe. Gbogbo ọ̀nà tí a fi wa mọ́tò lọ, mo ń gbàdúrà pé kó sáré. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà tún sọ pé mi ò gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí òkú jẹ̀bi.

Ibùdókọ̀ náà kéré, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọkọ̀ náà dúró sójú irin, ó dúdú, ooru ń jò lára rẹ̀ níbi gbogbo, ó ń dún bí ìkòkò ẹ̀wà tí a dé pa. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná, èédú ti sọ ojú òyìnbó rẹ̀ di dúdú ju tèmi lọ. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn ibi ìjókòó jẹ́ pákó, fèrèsé kò ní gíláàsì. Àwọn ìdílé kún inú rẹ̀, àwọn tọkọtaya àgbàlagbà tó di ọwọ́ ara wọn mú. Mo jókòó sí etí fèrèsé, ọmọ mi jókòó tì mí.

Ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ òyìnbó arúgbó kan, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó dé fìlà dúdú. Ó ní iṣẹ́ pípín lẹ́tà ni òun ti ṣe fẹ̀yìntì, ọ̀fẹ́ ni òun ń ṣe ti ọkọ̀ yìí, nítorí pé bàbá òun gé igi lórí àwọn òkè wọ̀nyí. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra tí a wọ inú igbó, ó dúró tì wá, ó ń nàka. Igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ bo òkè méjèèjì, ó ga, ó dákẹ́.

“Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín,” ló wí. “Ọmọ ni gbogbo wọn. Àwọn bàbá wọn ti di ilé ní ìlú ńlá. Ẹ wo ìsàlẹ̀.”

Mo wo ìsàlẹ̀. Láàrin àwọn igi tó dúró, mo rí àwọn kùkùté, wọ́n fẹ̀ tó tábìlì, ewéko ti bò wọ́n, wọ́n ti ń rà. Wọ́n pọ̀ débi pé ojú kò lè kà wọ́n tán. Mo rántí àna mi nínú kòtò rẹ̀, tí ìyẹ̀fun igi ń dà sí i lójú. Èmi kò bá a pàdé láàyè, ìyàwó mi ló sọ fún mi. Ìyẹn náà, mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mo gba kòtò gbọ́, tí mi ò gba òkè gbọ́?

A ti rìn fún bí ìṣẹ́jú ogún nígbà tí ọkọ̀ kọ ojú sí òkè gan-an. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ìmí rẹ̀ yí padà. Ó ti ń mí kúkúrú kúkúrú tẹ́lẹ̀. Ó wá ń mí lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàfo láàrin, bí ẹni tó ń gbé àpò gàrí gun àtẹ̀gùn. Èéfín dúró lójú kan lórí wa. Mo wo igi kan lẹ́bàá ọ̀nà. Mo wò ó títí. Igi náà kò fẹ́ẹ́ kọjá.

Mo bi òyìnbó arúgbó náà, “Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Òkè ló ń gùn. Bó ṣe máa ń gùn ún nìyí láti ayébáyé. Nígbà tí bàbá mi wà nídìí iṣẹ́, ìsàlẹ̀ òkè yìí ni àwọn agégi ti máa ń bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sórí òkè, níbi tí alásè wọn wà. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ ló ń jẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò.”

“Wọ́n ń rìn bá ọkọ̀?”

“Wọ́n ń ṣáájú rẹ̀ ni.”

Mo dìde. Mi ò mọ̀ pé mo ti dìde títí ọmọ mi fi di ẹ̀wù mi mú. Mo bi ọkùnrin náà bóyá mo lè sọ̀kalẹ̀ kí n rìn díẹ̀.

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo tirẹ̀. “Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà tí èmi àti ìwọ ń bọ́ sílẹ̀ nínú nǹkan tó ń rìn ti kọjá. Òfin kò sì gbà á. Àkọlé ló wà lókè yẹn.”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kí ló ń ṣe yín?”

Mo jókòó. Ṣùgbọ́n mo bi í lọ́rọ̀ kan sí i: báwo ni irin tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ ṣe gùn tó, láti ìsokọ́ra kan sí èkejì? Ó ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógójì. Ìyẹn ń lọ sí mítà méjìlá. Gbogbo ìgbà tí táyà irin bá kọjá lórí ìsokọ́ra, yóò dún kò. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo gbé e lé itan, mo sì ń kà. Láti kò kan sí èkejì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mo tún un kà. Mẹ́wàá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ká wọn nǹkan kí a tó kọ ọ́. Ẹ̀kẹta, ó lé díẹ̀ ní mẹ́wàá.

Mítà méjìlá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ara rẹ̀ dá tí kò lè rìn ju ìyẹn lọ. Á rìn, á dúró ṣa èso, á sì tún bá a. Mi ò nílò bébà láti ṣe é. Ìṣirò tí mo ṣe fún un ní ọdún àkọ́kọ́ tí a fẹ́ra, kò sí àṣìṣe nínú ìsọdipúpọ̀ rẹ̀. Nǹkan tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ìwọ̀n eré tí mo kọ sí orí bébà, mo hùmọ̀ rẹ̀ ni.

Nígbà tí a dé orí òkè, ọkọ̀ dúró láti bu omi mu. Àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ láti ya fọ́tò. Èmi àti ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté kan. Òtútù ibẹ̀ rí bí ti ọyẹ́, àfi pé kò ní eruku.

Mo ní, “Ìyá rẹ kò purọ́.”

“Nípa kí ni?”

“Ọkọ̀ ojú irin. Ìyeyè.”

Ó wò mí. “Ta ló ní ó purọ́?”

“Èmi.”

“Ẹ̀yin nìkan náà ni, Dádì. Àwa gbà á gbọ́.”

“Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, àwa náà ń rẹ́rìn-ín. Kí la mọ̀ nígbà yẹn?”

Mo ní mo rò pé ó ti fi ìtàn náà sílẹ̀. Pé láti ọdún Kérésìmesì kan báyìí, kò sọ ọ́ mọ́.

Ó ní, “Ó ń sọ ọ́ o. Ẹ ti gbàgbé oṣù mẹ́ta tó wá fi bá mi tọ́jú ọmọ nígbà tó pé ọdún méjì? Tó bá ń wẹ̀ ẹ́, á gbé e sùn sórí itan, á mú ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì, á máa fi wọ́n wa ọkọ̀. Fúùù, fúùù, jẹ́jẹ́. Tó bá dé òkè, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn mọ́, ọmọ á máa pariwo pé kó wa á. Nígbà náà ló máa sọ pé, ‘Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ ká lọ ṣa ìyeyè.’ Ọmọ mi ò rí ìyeyè rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n pè.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Ẹ ò bi wá.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́ ni, ì bá sàn. Fèrè dún, a padà sínú ọkọ̀. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ọkọ̀ sáré dáadáa. Mi ò wo ìta mọ́.

Mo lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù. Ohun tí mo ń rò nígbà tí mo jókòó ní ojú fèrèsé yí padà. Nílẹ̀ wa, ọkọ tó bá ṣẹ ìyàwó rẹ̀ gidi kì í dá bẹ̀bẹ̀ nínú yàrá lásán. Ilé àna rẹ̀ ni yóò lọ, yóò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó fi ọmọ fún un, wọ́n á bá a wí, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kó dìde. Èmi kò ṣe é rí. Ìyàwó mi kò kó ẹrù lọ sí ilé wọn lọ́jọ́ kan. Mo ti máa ń fi yangàn láàrin àwọn ọ̀rẹ́ mi pé a kò pè mí lẹ́jọ́ nílé àna rí. Mo rò pé torí pé mi ò ṣẹ̀ ni.

Nígbà tí mo padà sí Òmù-Àrán, mo jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Mo ra iṣu mẹ́fà àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa, mo sì gbé takisí lọ sí Òkè-Onígbìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kù nínú ilé náà, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ṣì ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Mo bá a níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ sí oòrùn.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. “Ẹ wo Tíṣà! Àwọn òyìnbó ò bọ́ yín ni? Ẹ ti rù bí igi ata.”

Mo kí wọn. Mo gbé iṣu sílẹ̀. Mo sì dọ̀bálẹ̀. Ọjọ́ orí mi kò jẹ́ kí ó yá. Ó pẹ́ kí àyà mi tó kan ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. “Kí ló dé? Ta ló tún kú?”

“Kò sí ẹni tó kú. Mo wá bẹ̀ yín ni. Mo ṣẹ àbúrò yín.”

“Ewo nínú wọn?”

“Ìyàwó mi.”

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde ná, orúnkún wọn ò gbọdọ̀ rọ́ síbí.” Ẹ̀gbọ́n ní, “Jẹ́ kó parí rẹ̀.” Mo wà nílẹ̀, mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀: ìtàn náà, bébà mi, àwọn àlejò, Kérésìmesì náà, òkè tí mo gùn lọ́hùn-ún, aago lórí itan mi. Èdè Ìgbómìnà ilé wa la fi ń sọ ọ́. Bí ilé-ìwé ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbí.

Ẹ̀gbọ́n nàka sí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Dìde,” ló wí. Mo dìde, mo jókòó sórí àpótí. “O pe ọmọ bàbá mi ní òpùrọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Níwájú àwọn ènìyàn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ká ní o wá nígbà tó wà láàyè, à bá bu ọ́ jẹ bí ẹran. Ǹ bá ní kó o dúró lẹ́yìn ilé títí ìyàwó mi á fi ro ọkà tán, kó o máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, à bá pè é, à bá bi í pé ṣé ó ti gbà. Báyìí, ta ni kí n bi?”

“Mo ní kí ẹ bá mi gbà á ni.”

“N kò lè gbà á. Kì í ṣe tèmi.” Ó fi ẹsẹ̀ ti iṣu kan tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ padà sí ààyè rẹ̀. “Máa gbé e lọ sílé. Ohun tó o lè ṣe nìyẹn.”

Mi ò mọ ohun tí mo ti retí. Mo ti rò pé ìgbà tí àyà mi bá kan ilẹ̀ ilé yìí, ohun kan yóò kúrò níbẹ̀. Kò kúrò. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún láti dìde lọ.

“Níbo lò ń lọ? Ṣé torí ó kú la ò jẹ́ àna mọ́? Láti ọjọ́ ìsìnkú, o ò yọjú síbí. Ìyẹn gan-an ni mo lè bá ọ jà sí, tèmi nìyẹn.” Ó yí sí ìyàwó rẹ̀. “Ṣé ẹ̀wà yẹn ti jinná?”

“Ó kù díẹ̀.”

Ó tún kọjú sí mi. “Ṣé ó sọ ti ìjàlọ fún ọ?”

“Ìjàlọ wo?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín arúgbó tí kì í dún, èjìká nìkan ló ń mì. “Kò sọ ọ́! Mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Ìsàlẹ̀ igi ìyeyè yẹn, orí ọ̀nà ìjàlọ ló dúró sí. Nígbà tí wọ́n fà á wọlé, ó ti ń jó. Ó ń jó, kò sì fẹ́ ju ìyeyè sílẹ̀ láti fi ọwọ́ yọ wọ́n. Bàbá wa ní, ‘Ju nǹkan yẹn nù!’ Ó ní rárá.”

Mo ní kí ó dúró díẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kó sọ ọ́ fún mi láti Òfà.

Ó sọ ọ́ láti Òfà. Ó sọ bí wọ́n ṣe di pákó, bí òjò ṣe pa wọ́n kí ọkọ̀ tó dé, bí bàbá wọn ṣe fi aṣọ rẹ̀ bo ọmọbìnrin náà nìkan. Ó sọ òkè náà. Kò yára. Ibì kan wà tí ó fi ìka kan ṣe bí ọkọ̀, tó fi ìka méjì ṣe bí ẹsẹ̀ ọmọdé, ẹsẹ̀ sì ń ṣáájú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìbéèrè wá sí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ mọ bí igi ìyeyè ṣe jìnnà sí irin tó, mo sì fẹ́ mọ iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo gbé e mì. Ẹ̀wà jinná, ìyàwó rẹ̀ gbé e wá, ó tutù níwájú wa.

“Nígbà tí ìjàlọ tán lára rẹ̀,” ló wí, “ó na ẹsẹ̀ sórí pákó, ó ní kí n ka ojú ibi tí wọ́n ti jẹ òun. Mo kà á.”

Mi ò bi í pé mélòó ni.

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?” ni mo wí.

“Lẹ́yìn náà, ó sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Ó sùn títí a fi dé Òṣogbo. Ìyeyè rẹ̀ yí sáàrin àwọn pákó, bàbá wa ń ṣa á jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jí i.”

Oòrùn ti kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí a jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, tí a bá jẹun tán, kó tún un sọ.